Ilé Tí Ohùn Kì Í Jókòó

Lẹ́kkí Phase 1, Èkó
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 2010

Rẹ̀míláyọ̀ ọmọ mi,

O kú òtútù ìlú òyìnbó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́ léegun. Àwa níbí wà láàyè, ooru ló ń bá wa fínra.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ Babájídé ra fóònù tuntun fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá pè mí, bí ẹni ń din àkàrà sí mi létí ni mò ń gbọ́. Iṣẹ́ tíṣà tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì kò ṣòfò, ọwọ́ mi ṣì mọ bírò dì mú.

O mọ̀ pé láti ìparí ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó mi kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ilé tuntun tó kọ́ sí Lẹ́kkí. Ilé náà dára, mi ò ní purọ́. Àjà pálọ̀ rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Táìlì dídán ló tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnnì, dígí ló sì fi ṣe odindi ògiri kan. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan síbẹ̀, ó ní ẹwà rẹ̀ ni pé ó ṣófo. Àga aláwọ méjì, tábìlì oúnjẹ àti tẹlifíṣọ̀n, ó tán.

Ohun tó ń rú mi lójú ni èyí. O mọ̀ pé etí mi kò já geere mọ́ láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn. Síbẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó bá wá kí mi, a ó jọ sọ̀rọ̀ yé ara wa. Níbí, mò ń gbọ́ pé èèyàn ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àfi bíi pé gbogbo wọn fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ní Sátidé tó kọjá, Ṣèyílọ́lá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ fẹ́ jà?" Mo ní kí ló dé, kí la jọ pín tí kò dọ́gba tí a ó fi jà? Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀, ó túbọ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Àṣé ẹja ló ní ṣé mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò etí, ó ní òun yóò fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí kọ̀ǹpútà. Bá mi wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí lọ́dọ̀ yín. Má sì pa mí tì mọ́. Láti Kérésìmesì ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ rẹ, mi ò rí nǹkan kan.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń wọ̀nà,
Adéjọkẹ́ Ògúnbọ̀dé

*

Leeds
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2010

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ dáríjì mí pé ẹ ò gbúròó mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè. Àwọn ni mò ń wẹ̀, àwọn ni mò ń bọ́, bí mo bá fi máa délé, oorun á ti gbé mi lọ.

Mo ti gba èsì àyẹ̀wò tí Bọ̀ọ̀dá Jídé fi ránṣẹ́, wọ́n sì ti bá mi ṣètò ẹ̀rọ etí náà sí ìwọ̀n tiyín. Ọlákẹ́mi ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá sí Èkó wá kí àwọn òbí rẹ̀, òun ló máa gbé e wá, yóò sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi sétí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ tí ẹ ò fi ní bínú. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ìyá kan níbí. Wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ ni kò yé àwọn. Wọ́n á ní gbogbo èèyàn ń kùn sẹ́nu. Bó bá yá, wọ́n á gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí. Ẹ dákun, Mà, ṣé ẹ ṣì máa ń rántí ibi tí ẹ bá fi nǹkan sí? Ṣé ẹ kì í ṣi ọ̀nà yàrá yín? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí a lè tètè mọ ohun tí a ó ṣe.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Rẹ̀míláyọ̀

*

Lẹ́kkí Phase 1
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, ọdún 2010

Rẹ̀míláyọ̀,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo sì fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí kí ẹlòmíràn má bàa rí i pé ọmọ mi ń bi mí bóyá orí mi pé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ, bàbá rẹ olóògbé sì yá alùpùpù gbé mi lọ sílé ìwòsàn, nítorí ọkọ̀ kò sí. Mo rántí aṣọ tí nọ́ọ̀sì fi gbà ọ́. Bí o bá tún ní ohun tí o fẹ́ kí n rántí, kọ ọ́ wá.

Ọlákẹ́mi gbé ẹ̀rọ náà dé, ọmọ dáadáa ni. Iná ti lọ lọ́jọ́ náà, ooru sì mú, nítorí náà inú ọkọ̀ rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni a jókòó sí tó fi kọ́ mi. Rẹ̀míláyọ̀, mo gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. A bọ́ sílẹ̀, a wọ pálọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dà rú. Síbí kan jábọ́, àfi bí ìgbà tí páànù òrùlé já lé mi lórí. Bàtà ẹsẹ̀ wọn, àga tí wọ́n ń wọ́, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ló rọ́ wọ etí mi. Ariwo dé pérépéré, ọ̀rọ̀ nìkan ni kò bá wọn wá. Kí ló pa ẹ̀rọ náà láàárín ọkọ̀ àti ẹnu ọ̀nà? Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ?

Ọ̀rọ̀ Ṣèyílọ́lá tún wá ń kọ mí lóminú. Nígbà mìíràn á máa kùn sẹ́nu, bí mo bá ní kó sọ ọ́ síta, á jágbe mọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ó pariwo débi pé máìgádì sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún máìgádì? Mo ń wo ojú ìyàwó náà, mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àárẹ̀.

Mo ti ní kí Tìjání, dírẹ́bà ilé yìí, gbé mi lọ sí Eleko létí òkun. Màá lọ kí Bàlíkísù, ọ̀rẹ́ mi tó ń yan ẹja, tí mo bá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní ilé ìwé wọn nígbà èwe mi. Ara mi nílò afẹ́fẹ́.

Ìyá rẹ, tí orí rẹ̀ pé,
Adéjọkẹ́ Ògúnbọ̀dé

*

Eleko
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2010

Rẹ̀míláyọ̀ mi,

Èsì rẹ kò tíì dé, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró dè é. Mo kí ọ láti etí òkun.

Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń fẹ̀ ni a gbà wá, erùpẹ̀ àti katakata ni títí a fi kọjá Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó. Tìjání ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò kà á sí. Ìgbà tí mo dé yàrá Bàlíkísù ni mo tó mọ̀ pé nǹkan kan wà.

Yàrá kékeré ni, àjà rẹ̀ kò ga. Ẹní ló tẹ́ sílẹ̀, ẹní tún wà lára ògiri, àwọ̀n ìpẹja ọkọ rẹ̀ olóògbé ló so kọ́ igun kan, ó sì di aṣọ lẹ́rù-lẹ́rù jọ dé òkè nítorí àwọn aláṣọ ọjà máa ń fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń po ẹ̀kọ, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ máa fi ṣúgà sí i?" Mo ní kó fi díẹ̀ sí i. Ó yíjú wò mí. Èmi náà wò ó. Mo ti dá a lóhùn kí n tó mọ̀ pé mo gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ẹnu rẹ̀.

A sọ̀rọ̀ títí. A sọ ti àwọn tó ti kú, a sọ ti àwọn tó kù. Ẹ̀rọ rẹ kì í ṣe ayédèrú, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Bàlíkísù wá sọ ohun tí èmi kò fẹ́ sọ: "Etí yín kò ní nǹkan, Tíṣà. Àwọn tí ẹ ń bá gbé ni kò fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n bí etí kan náà bá gbọ́ níbí tí kò gbọ́ lọ́hùn-ún, kí ni kí n rò? Ẹ̀gbọ́n rẹ ti rán Tìjání wá mú mi, mo ní kó máa lọ. Níbí ni mo wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ

*

Leeds
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, ọdún 2010

Ìyàwó wa Ṣèyílọ́lá,

O kú iṣẹ́ ilé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ. Ìyá mi wà nínú yàrá ẹlẹ́ja ní Eleko báyìí nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní ilé ńlá. Wọ́n ní o máa ń kùn sí àwọn, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, o máa ń jágbe mọ́ àwọn lójú máìgádì. Ní ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Bí ìyá wa bá jẹ́ ẹrù lọ́rùn rẹ, sọ fún mi, kí n mọ ohun tí n ó ṣe nípa tiwọn. Má jẹ́ kí wọ́n máa rò pé etí àwọn ló fọ́.

Mò ń retí èsì rẹ.
Rẹ̀míláyọ̀

*

Lẹ́kkí Phase 1
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, ọdún 2010

Àǹtí Rẹ̀mí,

Mo kúnlẹ̀, mà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti fà á ya, kó tó wá di èyí tí ẹ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Láti kékeré ni ohùn mi ti kéré. Nígbà tí Màmá dé, mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá ìyá tó bí mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mò ń kùn. Mo wá ń gbé ohùn sókè. Wọ́n ní mò ń jágbe. Ọkọ mi á ní kí n rọra, Màmá á ní kí n sọ ọ́ síta, nínú ìṣẹ́jú kan náà. Ọ̀nà ọ̀fun máa ń dùn mí débi pé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì bi mí bóyá òtútù ń mú mi. Bí mo bá ṣe ń pariwo sí i ni ọ̀rọ̀ ṣe túbọ̀ ń dàrú mọ́ wọn lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi gan-an ni mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Lọ́jọ́ tí máìgádì wọlé yẹn, ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé wọn ò tíì lo oògùn wọn.

Mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn ní Eleko lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Bàlíkísù, ọ̀rẹ́ Màmá, kí mi tán, wọ́n jáde. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò lágbára láti pariwo mọ́. Mo jókòó sórí ẹní, mo kàn sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn mi." Màmá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Àǹtí, mo gbójú sókè. Wọn ò gbọ́ mi báyẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Lẹ́kkí. Inú mi ti fẹ́ dùn kí n tó rí ojú wọn. Wọ́n wò mí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi níbi tí mo ti ń jalè. Wọ́n ní, "O mọ ọ̀rọ̀ sọ, àṣé." Mo gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, mo dìde.

Ohùn kan náà ni, Àǹtí. Ẹnu kan náà ni mo gbé lọ láti ilé. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe wá. Ọkọ mi kì í fẹ́ sọ ọ́, ojú ń tì í, nítorí àwọn èèyàn ń bi í pé ìyá rẹ̀ dà. Bí ẹ bá mọ ohun tí mo lè ṣe, ẹ kọ́ mi.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ṣèyílọ́lá

*

Leeds
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2010

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Bàlíkísù. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo ti kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ṣèyílọ́lá. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i tẹ́lẹ̀ kò dára. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ sì ní sùúrù fún mi, nítorí èmi náà kò tíì gbà á tán lọ́kàn.

Ọkùnrin kan máa ń wá síbi iṣẹ́ wa wá yẹ ẹ̀rọ etí àwọn arúgbó wò. Mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún un, pé inú ọkọ̀ ẹ gbọ́, Eleko ẹ gbọ́, Lẹ́kkí ẹ ò gbọ́. Ó ní, "Kí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbi tí ìyá rẹ ń jókòó?" Inú bí mi. Etí ni mo bi í, ilẹ̀ ló ń bi mí. Ó wá ní kí n tẹ̀lé òun. A wọ yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, ó pàtẹ́wọ́, ìró náà kú síbẹ̀. A wọ yàrá ìjẹun, ó tún pàtẹ́wọ́, ìró náà ń sáré kiri lára ògiri kó tó lọ.

Mà, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì yàrá ìjẹun yẹn kúrò lọ́dún tó kọjá nítorí pé ó ṣòro láti fọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn arúgbó wa ti ń jẹun láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ síwájú wọn, èrò mi ni pé iyè wọn ló ń ra. Àwọn tí mo fi wé yín nìyẹn. Mi ò mọ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn níbẹ̀ gan-an àti ẹni tí kò kàn gbọ́ràn.

Ó ní táìlì, dígí àti àjà gíga kì í gba ohùn mọ́ra. Ṣèyílọ́lá á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pálọ̀ á tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ kan kò ní tíì kúrò nílẹ̀ tí èkejì á fi gùn ún lórí. Ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá á ṣà á, ẹni tí etí rẹ̀ kò já geere kò lè ṣà á, bí onítọ̀hún bá sì pariwo, àtúnsọ náà ló ń pariwo sí i. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìdàrúdàpọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé sókè. Ẹní, àwọ̀n àti aṣọ tó wà ní yàrá Ìyá Bàlíkísù ló ń gbé àtúnsọ mì.

Ó ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí wọ́n fi kọ́tìnnì wúwo bo dígí, kí àga jẹ́ aláṣọ, kí wọ́n sún mọ́ yín, kí wọ́n kọjú sí yín, kí wọ́n má sì pariwo. Mo ti sọ fún Bọ̀ọ̀dá Jídé. Ẹ fún wọn láyè, Mà. Bóyá kò sẹ́ni tó fi ohùn pamọ́ fún yín.

Ọmọ yín,
Rẹ̀míláyọ̀

*

Lẹ́kkí Phase 1
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejìlá, ọdún 2010

Rẹ̀míláyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn arúgbó rẹ. Mo mọ̀ pé ó pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí o kọ ni mò ń bá jà.

Mo kà á fún Bàlíkísù. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí pé ilé ń ṣàìsàn, kí èèyàn máa wá lo oògùn rẹ̀. Síbẹ̀ a pàtẹ́wọ́ nínú yàrá rẹ̀, àwa àgbà méjì, bí ẹni ń ṣeré fún ọmọ ọwọ́. Ìró náà kú. A ń wo àwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbà. Ó ní òun kò tẹ́ irú táìlì yẹn kí òun tó wá fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, pé èmi ni mo fẹ́ràn Eleko. Ó rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ sí Àbújá. Ìyàwó rẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó lọ ra kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì ní Ṣàngótẹ̀dó, ó gbé àga aláwọ sí yàrá òkè, ó wá àga onítìmùtìmù wá, ó sì kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ sí pẹpẹ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló rán Tìjání sí mi. Mo ní ọjọ́ kan péré ni n ó lò.

Mo dé, mo dúró sáàárín pálọ̀, mo pàtẹ́wọ́. Kò rí bíi ti Bàlíkísù, ó ṣì ń sá díẹ̀ lókè níbi àjà. Ṣùgbọ́n Ṣèyílọ́lá kí mi láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tinrín, ó sì rọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi bá a gbé ilé kan, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ rí. Ojú tì mí, mo ní kó bá mi bu omi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ dé, nítorí mo ti sùn síbẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní fún ìyàwó rẹ̀ pé, "O ti sọ pálọ̀ mi di ìsọ̀ aláṣọ." Mo dá a lóhùn láti orí àga pé aṣọ náà bá mi lára mu. Ó yà á lẹ́nu. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ ohun tó bá wù ú níbi tí mo wà.

A jókòó láti jẹun. Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ kò sì dún. Ṣèyílọ́lá tẹ̀ sí ọkọ rẹ̀, ó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ṣé wọ́n máa dúró?"

Rẹ̀míláyọ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kedere, síbẹ̀ kò yé mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fẹ́ kí n dúró ni, tàbí ó ń bẹ̀rù pé n ó dúró. Nígbà tí mi ò gbọ́ràn, èrò mi ni pé bí mo bá ti lè gbọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò yé mi.

Mo gbé síbí kalẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, Ṣèyílọ́lá, ṣé o fẹ́ kí n dúró?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Ìyàwó náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé etí mi tún ti lọ. Ìgbà tó yá, ó kọjú sí mi, ó ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Kò pariwo, kò sì kùn.

Mo ní, "Èmi náà ò tíì mọ̀."

Omi gba ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tó ti ń pariwo sí mi láti ọjọ́ yìí wá fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tutù níwájú wa. A kò tíì sọ ọ́ tán bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá rẹ, tó ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀,
Adéjọkẹ́ Ògúnbọ̀dé